Mo fẹ́ gbé ìyàwó mi sẹ́yìn máṣíìnì dé Ìkọ́gòsì: kí ni yóò wọ̀, báwo ni yóò ṣe jókòó?

ỌmọMọ́kọ́lá kọ:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Máṣíìnì 250cc ni mò ń gùn, èmi nìkan ni mo sì ń dá rìn títí di báyìí: Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn. Ìyàwó mi ti wá ní àfi kí òun bá mi dé Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, ká sùn mọ́jú níbẹ̀ ká tó padà. Láti Ìbàdàn, mo fẹ́ gba Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀ àti Iléṣà, kí n wá gba ọ̀nà Erin-Ìjẹ̀ṣà bọ́ sí Èfọ̀n-Aláayè.

Ọ̀kadà àdúgbò nìkan ló gùn rí. Mo ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó dáa àti jákẹ́ẹ̀tì tèmi, òun kò ní nǹkan kan. Wọ́n ní mo lè ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì fún un lọ́jà ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré. Èwo ni dandan, èwo la lè fò?

DispatchMúṣìn kọ:
Ẹ̀gbọ́n, Kúnlé Adéyanjú gbé máṣíìnì láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó lọ́dún 2022. Oṣù kẹrin ló gbéra, 29 oṣù karùn-ún ló wọlé. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló là kọjá! Ìkọ́gòsì lẹ wá ń ṣèpàdé lé lórí? Ẹ ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ máa lọ jàre.

BàbáṢéènì kọ:
Dispatch, mo gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló jókòó sórí máṣíìnì rẹ̀ láti ìlú òyìnbó dé ibí. Ẹrù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹrù kì í nàró ṣánṣán nígbà tó o bá fẹ́ tẹ máṣíìnì sí kọ́nà, kì í sì í yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ láìsọ fún ọ. Ènìyàn ń ṣe méjèèjì.

ỌmọMọ́kọ́lá, ara máṣíìnì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó bá a wá sọ iye kílò tó lè gbé, gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìwọ, ìyàwó rẹ, aṣọ ọrùn yín, àpò, omi mímu. Bó o bá wọn kílò 85, tí òun wọn 70, ẹ ti di 155 kí àpò kankan tó gorí i. Lọ wo iye yẹn lónìí. Bí ẹrù bá ti ju ti ìwé lọ, kò sí hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó lè bá a tún un ṣe.

Táyà: òwúrọ̀, kó o tó gbéra, nígbà tó ṣì tutù, ni kó o wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Táyà tó ti sáré á ti gbóná, ohun tí géèjì bá sọ nígbà yẹn kì í ṣe òótọ́. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì ló ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ fún ẹni méjì, táyà ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń fẹ́ àfikún jù. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn náà, wọ́n ṣe é kó ṣeé yí le. Bó o bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà fún ìwọ nìkan, ìdí máṣíìnì á rì, iná iwájú á máa wo ojú ọ̀run, gbogbo kòtò tẹ́ ẹ bá bọ́ sí ni ìyàwó rẹ á sì fi egungun ìdí gbà.

Ṣéènì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bí ẹni méjì bá jókòó, tí ìdí máṣíìnì lọ sílẹ̀, ṣéènì á fà le sí i. Nítorí náà, ẹni tó ti fà á gan-an sílẹ̀ nígbà tí máṣíìnì ṣófo ti dá wàhálà sílẹ̀ kó tó kúrò nílé. Bí ìwé bá ní kó mì ní mílímítà 25 sí 35, jẹ́ kó mì bẹ́ẹ̀. Má ṣe gbọ́ ti ẹni tó bá ní "ẹ fà á kó le dáadáa, ọ̀nà jíjìn lẹ̀ ń lọ."

Nọ́ọ̀sìWáàdù kọ:
Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì "ẹgbẹ̀rún mélòó kan" yẹn.

Ṣé ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti èrò dé àṣíborí? Àwọn kan dé igbá. Àwọn kan dé ike ọ̀dà, wọ́n so okùn mọ́ ọn lágbọ̀n. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ó dáa, hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí kò ní ju tìmùtìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, igbá tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú lòun náà.

Ohun tó ń gba ọpọlọ là ni fóòmù líle tó wà láàárín ike òde àti aṣọ inú, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn sínú páálí. Bí orí bá kọlu nǹkan, fóòmù yẹn á wó mọ́ra, á gba agbára ìkọlù náà díẹ̀díẹ̀ kó tó dé agbárí. Ìdí nìyẹn tí hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ti kọlu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò fi ní iṣẹ́ kankan mọ́, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dán. Àkójọ ìwádìí Cochrane ti ọdún 2008 fi hàn pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Igbá kọ́ ni wọ́n wọ̀n o.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó ń dùn mí. Ẹni tó ń gùn rí kòtò kó tó dé ibẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó di nǹkan mú, ó ti múra sílẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn kò rí nǹkan kan, ó kàn bá ara rẹ̀ lókè ni. Síbẹ̀, ẹni iwájú ló máa ń ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì gidi, tí ẹni ẹ̀yìn á fi gèlè jókòó. Bí owó hẹ́límẹ́ẹ̀tì kan péré ló wà, ẹ dúró kí ti ẹnì kejì pé.

ỌmọMọ́kọ́lá kọ:
Mo ti gbọ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Báwo ni mo ṣe máa mọ gidi yàtọ̀ sí ayédèrú? Gbogbo èyí tó wà lọ́jà ló ní sítíkà "DOT" lẹ́yìn.

AyọMánísítà kọ:
Mánísítà ni mo ń gbé, mo sì máa ń gbé ìyàwó mi sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sítíkà DOT, àmì ìlànà ti Amẹ́ríkà, kò ṣòroó tẹ̀ jáde, ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́. Ti Yúróòpù, ECE, kì í ṣe ìta ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ wo okùn àgbọ̀n: aṣọ kékeré kan máa ń wà tí wọ́n rán mọ́ ọn, lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú òbìrí, lẹ́yìn náà ọ̀wọ́ nọ́ńbà gígùn. E1 túmọ̀ sí pé Jámánì ló fọwọ́ sí i, E3 Ítálì, E11 Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀wọ́ nọ́ńbà yẹn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 06, òfin tuntun, 22.06, ni wọ́n fi dán an wò. 05 ni ti àtijọ́. Bí okùn àgbọ̀n kò bá ní nǹkan kan, ẹ gbé e padà sórí igbá ẹni tó ń tà á.

Èyí tó bo àgbọ̀n ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ìdajì. Kí obìnrin fi orí ara rẹ̀ dán an wò: kó di okùn, kó sọ orí síwá sẹ́yìn. Bí hẹ́límẹ́ẹ̀tì bá ń rìn tí awọ iwájú orí kò bá a rìn, ó ti tóbi jù.

Níbí, láti ọdún 1973 ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì ti di dandan. Èrò kan ṣoṣo ni òfin gbà láyè. Ó gbọ́dọ̀ ya ẹsẹ̀ jókòó lórí ìjókòó gidi, kí irin ìfẹsẹ̀lé sì wà fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó ṣì ń kọ́ máṣíìnì gùn kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn rárá.

Àṣàkẹ́ArìnrìnÀjò kọ:
Ó mà tó kí ẹni ẹ̀yìn náà sọ̀rọ̀. Èmi kì í gùn, ẹ̀yìn ni mò ń jókòó, tọkàntọkàn sì ni. Ẹ pe ìyàwó yín kó wá ka èyí fúnra rẹ̀.

Irun ni kó kọ́kọ́ rò. Ṣùkú kò ṣeé dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì lé. Àárín orí ni gbogbo rẹ̀ kó jọ sí, hẹ́límẹ́ẹ̀tì á jókòó sórí òkìtì irun, á máa mì. Kòlẹ́sẹ̀ ló dára jù, ó tẹ́ mọ́ orí, ìpàkọ́ ló sì parí sí. Irun tó máa dì lọ gan-an ni kó fi lọ dán hẹ́límẹ́ẹ̀tì wò lọ́jà. Bó bá rà á nígbà tó gé irun mọ́lẹ̀, tó wá ki àtáṣímẹ́ǹtì bọ̀ ọ́ kí ọjọ́ ìrìn tó pé, kò ní wọ̀.

Aṣọ: ṣòkòtò tó nípọn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́. Sálúbàtà kò wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìró, ìborùn, okùn àpò, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ máa fẹ́ nínú afẹ́fẹ́, torí sípóòkù àti ṣéènì ti fa ọ̀pọ̀ obìnrin wálẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó kọlù wọ́n. Sàlẹ́ńsà ńkọ́? Gbogbo wa la mọ àpá roboto yẹn lẹ́sẹ̀ àwọn ènìyàn. Ẹ fi ibi tó wà hàn án kó tó gùn ún, kó sì máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì sọ̀ kalẹ̀.

Gígùn: kí ọkọ ti jókòó, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó di búréèkì iwájú mú. Kó má gùn ún àfi bí ọkọ bá sọ pé "ó yá." Bẹ́ẹ̀ náà ni sísọ̀. Mo ti rí obìnrin tó bọ́ sílẹ̀ nílé epo láìsọ, tí máṣíìnì, ọkọ, ẹrù, gbogbo wọn ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nínú kọ́nà, kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan kan ju pé kó wo orí èjìká ọkọ rẹ̀ ní apá ibi tí wọ́n ń yà sí. Bí ojú bá ti lọ síbẹ̀, ara á bá a lọ ní ìwọ̀n tó yẹ. Ẹ̀rù á fẹ́ kó nàró, kó máa fà sí òdìkejì, máṣíìnì á sì lọ ibi tí ẹ ò fẹ́. Ìgbà tí ọkọ bá tẹ búréèkì, kó na ọwọ́ kan kó fi ti táǹkì epo, kó fi ìkejì di irin ẹ̀yìn mú, kí ìwúwo ara rẹ̀ má baà já lé ọkọ lẹ́yìn.

Kí ẹ sì ní àmì. Tiwa: ó lù mí lẹ́ẹ̀kan ní itan, "dì mú", mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì léjìká, "dúró níbi tó bá ti ṣeé ṣe." Kò sí àlàyé, ó gbọ́dọ̀ dúró ni. Ẹni tó bá ń bá ìyàwó jiyàn nígbà tó ní "ìdí ń dùn mí," kó lọ dá rìn.

ỌmọÌjọ kọ:
Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ìyàwó tèmi kì í wọ ṣòkòtò, ìjọ wa kò gbà á. Ṣé kò lè jókòó ní ẹ̀gbẹ́, kó kó ẹsẹ̀ méjèèjì sápá kan? Gbogbo ìyá wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Àṣàkẹ́ArìnrìnÀjò kọ:
Wọ́n ń ṣe é láti ilé dé ọjà, mi ò sì gbà pé ó dáa níbẹ̀ náà. Ìwúwo gbogbo á wà ní apá kan, orúnkún kò ní nǹkan tó fún mọ́, ó sì di dandan kó fi ọwọ́ kan ṣoṣo di nǹkan mú. Kòtò kan ló kù. Kó wọ ṣòkòtò ìgùn-máṣíìnì bí aṣọ iṣẹ́, kó kó síkẹ́ẹ̀tì sínú àpò, kó wọ̀ ọ́ bó bá dé ibi tó ń lọ. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ wọkọ̀, mọ́tò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

DispatchMúṣìn kọ:
Ó dáa, mo gbà fún yín lórí hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò nínípọn? Ẹ̀yin ará òkè òkun, oòrùn tó ń pa wá níbí ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mo mọ̀ ni mo máa sọ. Ẹ gbéra ní ìdájí, kí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là, kí ẹ ti kọjá Iléṣà kí oòrùn tó mú. Ẹ má ṣe rin òru, bó bá ti wù kó rí: tírélà tó bàjẹ́ kì í gbé àmì sílẹ̀, màlúù kò ní iná, àwọn ọ̀daràn náà kì í sùn. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá lára táńkà, ẹ sọ fún ìyàwó yín kó dì mú kí ẹ tó yọ. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ fà yín mọ́ ọn, á tún tì yín dànù bẹ́ ẹ bá dé iwájú, ẹni méjì pẹ̀lú àpò sì ni afẹ́fẹ́ ń rí mú jù. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ló burú jù, nígbà tí epo àti eruku ojú títì ń léfòó sókè.

AyọMánísítà kọ:
Àbúrò, o wí ire. Ti oòrùn, jákẹ́ẹ̀tì oníhò wà, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé gbà jáde. Bó o bá ń lọ, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí ọ lára, oòrùn kò sì ní kan awọ ara. Ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró ni ooru máa ń mú, ẹ ṣí síìpù níbẹ̀ kẹ́ ẹ mu omi.

Ẹ wo àkọlé inú rẹ̀. EN 17092 ni ti aṣọ fúnra rẹ̀: AAA ló le jù, lẹ́yìn náà AA, lẹ́yìn náà A. EN 1621 ni ti pádì tó ń bo èjìká, ìgbọ̀nwọ́, orúnkún àti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ni kì í ní pádì ẹ̀yìn nígbà tẹ́ ẹ rà á, fóòmù lásán ni wọ́n ki sápò ibẹ̀. Fún pádì ẹ̀yìn, "Level 1" kò gbọdọ̀ jẹ́ kí agbára ìkọlù tó ju 18 kN (kilonewton, ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára) kọjá sí ara ní ìpíndọ́gba, "Level 2" kò gbọdọ̀ ju 9. Ìdajì gééré ni. Ẹni ẹ̀yìn ló nílò rẹ̀ jù, torí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

ỌmọMọ́kọ́lá kọ:
Owó ń jáde lápò mi bí mo ṣe ń kà á 😄 Òkìrìkà ńkọ́? Wọ́n ní jákẹ́ẹ̀tì irú èyí wà ní ọjà Kàtángówá l'Ékòó.

BàbáṢéènì kọ:
Jákẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni. Fa ojú rírán rẹ̀ níbi èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Bí òwú bá ń já, má rà á. Ki ọwọ́ sínú, wò ó bóyá pádì wà àti bóyá wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sí i lára. Bàtà náà ṣeé rà, bí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá tíì gbẹ. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì òkìrìkà, rárá o. Fóòmù inú lè ti wó, o ò sì ní rí i, ẹni tó tà á pàápàá kò mọ ibi tó ti bọ̀.

Bí owó kò bá ká a lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ̀lé e báyìí: hẹ́límẹ́ẹ̀tì gidi, ìbọ̀wọ́, bàtà, lẹ́yìn náà jákẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ni ènìyàn kọ́kọ́ ń nà bó bá ń ṣubú.

ÌyáÌbejì kọ:
Ẹ kú àlàyé. Àwa ní ọmọ ọdún mẹ́rin kan. Ṣé a lè fi í sáàárín, tí mo bá dì í mú dáadáa?

Nọ́ọ̀sìWáàdù kọ:
Rárá, Mọ̀mí. Bí máṣíìnì bá dúró lójijì, ẹ̀yin gan-an á já lé e, á sì há sáàárín yín àti bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan irin ìfẹsẹ̀lé, kò sí hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bá orí rẹ̀ mu tí ọrùn rẹ̀ lè gbé láti ìlú dé ìlú. Pípọ̀n sẹ́yìn náà kò yàtọ̀. Kí ó dúró lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ohun kan tún kù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gùn. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ má sáré yọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀. Bó bá ń mí, ẹ ṣí gíláàsì ojú, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má yí. Bí kò bá lè mí nìkan ni ẹ ó fi rọra yọ ọ́, ẹni méjì. Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122.

ỌmọMọ́kọ́lá kọ:
A ti ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì o, E3 wà lókùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti wọ táyà ní ìwọ̀n ti ìwé, ṣọ́ọ̀kì ti yí. A lọ dán an wò ní pápá kan lánàá, a sì tún fẹ́ lọ Ìkirè ká padà lọ́jọ́ Sátidé, kó fi mọ ara rẹ̀ kó tó di ti Èfọ̀n. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá yí jíà ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gbá tèmi, kọ́ọ̀! Ó ní orí ti ń fọ́ òun. Ta ló jẹ̀bi?

BàbáṢéènì kọ:
Ìwọ. O ń tú tírọ́tù, ọwọ́ tó o fi ń fún máṣíìnì níná, sílẹ̀ lójijì kó o tó fa kílọ́ọ̀ṣì, máṣíìnì á dúró díẹ̀, òun á já síwájú. Jẹ́ kí méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀, rọra, kó o sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì padà. Yí jíà sókè kí ẹ́ńjìnnì tó máa ké. Bó o bá fẹ́ dúró, fi búréèkì ẹ̀yìn ṣáájú díẹ̀, kó o wá fi tiwájú kún un. Ìwúwo rẹ̀ wà lórí táyà ẹ̀yìn báyìí, nítorí náà búréèkì ẹ̀yìn á ṣiṣẹ́ ju ìgbà tó o dá wà lọ. Sì tètè bẹ̀rẹ̀. Lórí kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ẹ ti sáré mítà 22 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan kí ọwọ́ rẹ tó kan búréèkì.

Àṣàkẹ́ArìnrìnÀjò kọ:
Kí òun náà má jókòó ní ọ̀kánkán ìpàkọ́ rẹ gan-an. Kó gbé orí sí apá kan díẹ̀, kó máa wo ọ̀nà lórí èjìká rẹ, á rí i nígbà tó o bá fẹ́ yí jíà. Bó bá dé Ìkirè tí ọrùn ń dùn ún, hẹ́límẹ́ẹ̀tì wúwo jù fún un nìyẹn tàbí afẹ́fẹ́ ń gbé e láti abẹ́. Kó fa okùn àgbọ̀n díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó padà, kó wò ó bóyá á yàtọ̀.

DispatchMúṣìn kọ:
Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ tó kúrò ní Iléṣà, ẹ bu epo kún táǹkì níbẹ̀. Òkè ni láti ibẹ̀ lọ, ẹni méjì sì ń jẹ epo.